Jẹ́ Kí Àgbà Pè Ọ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Ìkirè,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé bí a bá ń kọ lẹ́tà, kí a kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ẹni tí a ń kọ ọ́ sí, kí a sì sọ pé àwa náà wà dáadáa. N kò ní béèrè àlàáfíà rẹ. Mo mọ ohun tí o máa dá mi lóhùn. O máa ní ara rẹ le kókó bí ọta. Ó ti pẹ́ tí o ti ń sọ ọ́, àwa náà sì ti ń ṣe àmín sí i. Èmi náà kò sì ní parọ́ fún ọ pé mo wà dáadáa, nítorí láti ọjọ́ tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ ti dé, n kò lè jókòó sójú kan. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, mo ti dìde lọ wo epo lórí iná, mo ti lọ dúró lẹ́bàá títì láìní ẹni tí mò ń retí, mo tún ti padà wá jókòó.

Bíọ́dún, ọmọ Àpòmù tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn arúgbó lókè òkun yẹn, tó wá wo bàbá rẹ̀ tí ara wọn kò yá, ló máa mú ìwé yìí bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ló ń kúrò nílé. Bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi bá rí jákujàku, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ó sì tó mi láti fi bá ọmọ mi wí.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí n kò gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì bí a ti máa ń ṣe. Kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ti ẹnì kan, ìwọ náà mọ̀. Bí tèmi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, gbogbo àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ẹ jọ ń gbé ni wọ́n máa pé jọ láti gbọ́ ohùn ìyá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìwọ nìkan ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe pé jọ gbọ́ tìrẹ. Bàbá yín gbé rédíò síta, wọ́n gbé e lé orí odó tí a dojú rẹ̀ dé. Ìyá Gàníyù, ìyáálé mi, gbé àga wọn wá. Àwọn ará ilé kejì pàápàá wá. O kí gbogbo wa tẹ̀lé ara wa, o kò fo ẹnikẹ́ni, o sì ki bàbá yín ní oríkì wọn débi pé wọ́n ń fi ọwọ́ nu imú. Lẹ́yìn náà lo wá ní o ti rí iṣẹ́ tuntun. O ní ìyá àgbàlagbà kan ni, tí ilé wọn wà létí òkun, tí wọn kò lè dìde fúnra wọn mọ́. O ní inú ilé wọn ni o máa máa gbé. O ní, "Èmi nìkan ni n óò máa tọ́jú wọn, tọ̀sán tòru." Gbogbo èèyàn ní alihamudulilai. Bàbá yín yíjú sí wa, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti fi ọmọ mi ṣe ọ̀gá."

O ṣàdúrà fún wa, o ní ó dàbọ̀, lẹ́yìn náà o dìde láti lọ pa ẹ̀rọ. Àṣàkẹ́, láàárín ó dàbọ̀ rẹ àti ìgbà tí ẹ̀rọ náà kú, mo gbọ́ nǹkan. Mo gbọ́ bí àga ṣe dún. Mo gbọ́ bí o ṣe dá èémí dúró. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan, hẹ̀ẹ̀ẹ̀n, tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, kí o tó lè rìn dé ibi tí ẹ̀rọ wà. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ, nítorí àmín ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Èmi gbọ́ ọ nítorí mo mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń dìde lórí àpótí nídìí agbada dòdò nìyẹn. Ohùn ara mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Nígbà tí wọ́n tú ká, mo gbé rédíò wọlé, mo dá a padà sẹ́yìn, mo gbọ́ ibẹ̀ títí. Bàbá yín yọjú wọlé. Wọ́n ní, "Kí lò ń wá nínú rẹ̀ tí a kò tíì gbọ́?" Mo ní àdúrà ọmọ mi ni mò ń tún gbọ́. Wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, n kò dá iná. Mo wọ mọ́tò lọ sí Àpòmù. Bíọ́dún ń sá aṣọ bàbá rẹ̀ nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé wọn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Ṣé kò sí o? Ẹ̀yin lẹ wá fúnra yín?"

Mo ní, "Kí ló ń ṣe Àṣàkẹ́ lẹ́yìn?"

Ó wo ọ̀nà yàrá bàbá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Mà, ó ní kí n má sọ."

"Mo ti gbọ́ kí o tó sọ. Ìyókù ni mo wá gbọ́."

Má bínú sí i o. Èmi ni mo fún un lọ́rùn. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì wọn, mo ní n kò ní jẹ, n kò ní mu, títí tó fi sọ ọ́. Ó ní ó ti tó ọdún kan tí o ti máa ń fi ọwọ́ kan ti ògiri kí o tó lè wọ bàtà. Ó ní ẹ̀yin tí ẹ ti ilẹ̀ òkèèrè wá, ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà, àwọn ará Gánà, àwọn ará Jàmáíkà, ẹ̀yin ni wọ́n máa ń pín iṣẹ́ òru fún, àti ọjọ́ ọdún, àti ọjọ́ tí àwọn tó nilé níbẹ̀ bá ní àwọn kò wá. Ó ní bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, ẹni tó ṣiṣẹ́ àná ló tún máa ṣe tòní mọ́ ọn.

Mo ní ṣé wọ́n wá ní kí ẹyọ ẹnì kan máa gbé èèyàn bí òkú ẹrù ni?

"Rárá, mà. Òfin wà níbẹ̀ pé èèyàn méjì ni kó máa gbé ẹnì kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé wọn gan-an wà, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni, àjà òkè ló sì máa ń wà. Tí aago tí wọ́n fi ń pè wá bá dún, tí a bá ní ká dúró de ẹnì kejì, arúgbó á ṣì wà nínú ìtọ̀. Àwa máa ń dúró, kì í ṣe pé ó dùn mọ́ wa. Àṣàkẹ́ kì í dúró. Àwọn kan tilẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á rọra jókòó síbi tíì, torí wọ́n mọ̀ pé á lọ. Mo ti bá a jà sí i. Ó ní wọ́n kọ́ òun nílé pé àgbà kì í pè lẹ́ẹ̀mejì."

Ibẹ̀ ni mo ti gba omi tó gbé fún mi, mo sì mu ún. Mo wá sílé, mo dá iná, mo jẹ́ kí dòdò jóná kọjá dúdú tó yẹ kó dú, àwọn oníbàárà sì ń wò mí.

Ta ló kọ́ ọ, Àṣàkẹ́? Èmi náà ni. Láti kékeré ni mo ti fi kọ́ ọ. Bí mo bá pè ọ́ láti ìdí agbada, kí n tó pe "kẹ́" tó wà lẹ́yìn orúkọ rẹ, mo fẹ́ kí o ti wà níwájú mi. Bí o bá pẹ́, ìgbátí ló máa pàdé rẹ. Àwọn èrò ọkọ̀ tó ń dúró ra dòdò lójú títì máa ń yìn ọ́. Wọ́n á ní, "Ọmọ yìí mà já fáfá o." Èmi á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, inú mi á sì máa dùn. Ẹ̀kọ́ rere ni. N kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń kọ́ ọ, Ìkirè ni mo rò pé o máa lò ó sí, níbi tí ìyáálé wà ní yàrá kejì, tí àbúrò ọkọ wà lójúde, tí ẹni tó bá gbọ́ ìpè kò lè ṣàìrí ẹni tó máa bá a gbé e. N kò mọ̀ pé o máa gbé e dé ibi tí èèyàn kan ṣoṣo ń dá jẹ́ ìpè arúgbó ogún.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ nìyí. Jẹ́ kí àgbà pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ìyá rẹ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn lè ṣáájú ẹsẹ̀. Bí aago bá dún, yọjú, ní, "Mo ti gbọ́ yín o, mà, mò ń bọ̀," bo ẹsẹ̀ wọn dáadáa, kí o sì lọ wá ẹnì kejì. Bí ẹnì kejì bá ń mu tíì, dúró tì í títí yóò fi gbé ife náà kalẹ̀. Jẹ́ kó bínú. Arúgbó tó bá dúró díẹ̀ nínú ìtọ̀, a óò wẹ̀ ẹ́, a óò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn tó bá ti dá, kò sí omi tí a fi ń wẹ̀ ẹ́.

Mo tún dìde. Mo lọ gbé agbada sọ̀ kalẹ̀, kí n lè gbájú mọ́ èyí.

Mo mọ̀ pé o máa ní, "Ìyá mi kò mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí." Mo mọ díẹ̀ níbẹ̀. O ṣì kéré, o ṣì ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan ara Ìyá Àgbà, ìyá bàbá yín, rọ. Èmi ni ìyàwó kékeré. Ìyá Gàníyù ní kí a jọ máa gbé wọn. Mo ní rárá, ẹ jókòó, mo lè ṣe é. Ọ̀wọ̀ kọ́ ni. Mo fẹ́ kí gbogbo Ìkirè sọ pé ìyàwó kékeré ló tọ́jú wọn, pé ìyáálé kàn ń wòran ni. Wọ́n sì sọ ọ́. Bí mo bá ń kọjá lọ sí ọjà, àwọn obìnrin á máa kí mi kú iṣẹ́ ìyá ọkọ. Oríyìn yẹn ń dùn mọ́ mi lẹ́nu ju oyin lọ.

Ìyá Àgbà kì í ṣe èèyàn kékeré, ìwọ náà rántí bí wọ́n ṣe rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé wọn lọ sí balùwẹ̀, ọṣẹ wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀. Àwa méjèèjì la jọ ṣubú, èmi ni mo sì wà nísàlẹ̀. Mo gbọ́ tí nǹkan dún ní ìbàdí mi bí igi ìdáná. Mo tún ń gbìyànjú láti gbé wọn dìde, mo ń ní ẹ má bínú, ẹ má bínú. Wọ́n fi ọwọ́ wọn kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dì mí mú. Ẹnu wọn wúwo nígbà náà, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde. Wọ́n ní, "Mo ní kí o gbé mi. N kò ní kí o kú sábẹ́ mi. Pe ìyáálé rẹ."

Ìyá Gàníyù wá. Wọ́n wo èmi, wọ́n wo Ìyá Àgbà, wọ́n ní, "Ìyàwó olóríyìn, ṣé o ti yó báyìí?" Wọ́n tú ìró òkè ara wọn, wọ́n kó o gba abẹ́ Ìyá Àgbà, wọ́n di etí méjì mú, wọ́n ní kí n di etí méjì yòókù, a sì gbé wọn dìde bí ẹni gbé ẹní. Láti ọjọ́ náà títí tí Ọlọ́run fi gbà wọ́n, àwa méjèèjì la jọ ń gbé wọn pẹ̀lú ìró. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ibi ìró yẹn ni èmi àti orogún mi ti di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ìbàdí mi kò padà bọ̀ sípò. Bí o bá ń bi mí nígbà náà pé kí ló ń ṣe mí tí mo fi ń kérora, mo máa ń ní iná dòdò ni. Iná dòdò nìkan kọ́.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni iṣẹ́ tuntun rẹ. Èkejì nìyẹn, òun ló sì ń lé mi kiri inú ilé. O ní ìwọ nìkan, tọ̀sán tòru, pẹ̀lú ìyá tí wọn kò lè dìde. Ó dára. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá yọ̀ ní balùwẹ̀ wọn, tí ẹ jọ ṣubú, tí ìyá náà bá ní kí o pe ìyáálé rẹ, ta lo máa pè? Òkun ni?

N kò ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo ní kí o tó gbé àpótí aṣọ rẹ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn Iléyá bí o ti wí, béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìyá náà: Ta ni ẹnì kejì tó máa wá nígbà tí a bá fẹ́ gbé wọn? Ṣé ẹ̀rọ yẹn wà nílé? Bí mo bá sùn, ta ni yóò jí? Béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n béèrè rẹ̀ kí o tó wọlé. Bí wọ́n bá ní wọn yóò wá ẹnì kan, fi ojú ara rẹ rí ẹni náà. Bí wọ́n bá ní ṣebí o lágbára, ṣebí ẹ̀yin ará Áfíríkà lágbára, dúpẹ́, kí o sì padà síbi tí o wà. Mo mọ̀ pé o ti fún wọn lọ́rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fún èèyàn kí a tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a lè fi ìtẹríba gbà á padà.

Bàbá yín ti wọlé wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Mo ti wá sọ ohun tí mo gbọ́ fún wọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, oògùn ni, ṣùgbọ́n oògùn tí a bá lò jù a máa pa aláìsàn. Wọ́n jáde lọ. Wọ́n padà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá. Mo fi í sínú ẹ̀rọ, mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ibẹ̀. Wọ́n ní kí n tún fi í. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Kọ ọ́ sí i pé èmi náà wí bẹ́ẹ̀." Mo ti kọ ọ́. Wọ́n sì ní yàrá ẹ̀yìn tí o ní o máa fi owó ránṣẹ́ kí a kan òrùlé rẹ̀, kí o gbàgbé rẹ̀ ná. Òjò ti ń rọ̀ sínú rẹ̀ kí a tó bí ọ, kò sì tíì gbé ẹnikẹ́ni lọ.

Èyí tó kàn, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹta ni tàbí ẹ̀kẹrin, ni ẹnu rẹ. Bíọ́dún ní o lọ rí dókítà, o sì sọ fún un pé o sùn lódì ni. Ọmọ mi, ẹ̀yìn wo ló ń sùn lódì fún odindi ọdún? Mo bi í pé kí ló dé tí o fi parọ́. Ó ní nítorí ìwé ìgbélùú rẹ tí kò tíì parí ni, pé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé bí wọ́n bá gbọ́ pé iṣẹ́ ló ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá yín á ní o kò wúlò mọ́, wọ́n á sì ní kí o máa lọ sí ilé yín. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù lásán, n kò ní fi ọ́ ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Padà sọ́dọ̀ dókítà náà, sọ òtítọ́ fún un, sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, sọ pé gbígbé èèyàn ló fà á. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ní ti ọ̀gá yín, má dá lọ bá a. Bíọ́dún ní ìyá Jàmáíkà kan wà láàárín yín tó ti pẹ́ níbẹ̀, tó mọ ohun tí òfin wọn wí. Ẹ jọ lọ, ẹ̀yin mẹ́ta, kí ìyá náà sì jẹ́ agbẹnusọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bó bá sì wá di pé wọ́n ní kí o padà sílé, ṣé ọ̀nà Ìkirè ti dí ni? Agbada wà. Èmi wà. Padà wá pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ṣì lè pọn ọmọ.

Ìyẹn gan-an ló ń gbé mi nínú. O máa lọ́kọ, bí Ọlọ́run bá fẹ́, o máa pọn ọmọ. Ẹ̀yìn tí o fi ń gbé ìyá oníyàá láti òru mọ́jú yìí náà lo máa fi pọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ kó kù síbẹ̀ de ọmọ ọmọ mi.

Ó tún ku ti bàbá arúgbó tí Bíọ́dún ní ó máa ń gbá ọ létí bí o bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, tó sì ń fi àwọ̀ rẹ bú ọ. Mo mọ̀ pé orí rẹ̀ ti dàrú, mo sì mọ̀ pé ò ń fara dà á nítorí pé àgbà ni. Bí ó bá ti gbé ọwọ́, kúrò nítòsí rẹ̀, jáde, kí o sọ fún àwọn tó kù. Má wà níbẹ̀ máa ní ẹ má bínú, sà. Àgbà là ń bọ̀wọ̀ fún. A kò bọ̀wọ̀ fún ìgbátí. Ní ọjọ́ kejì, kí ẹlòmíràn lọ wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n má tìtorí rẹ̀ di òǹrorò sí àwọn yòókù. Bíọ́dún ní ìyá kan wà tí kì í jẹun bí kì í bá ṣe ìwọ lo fún un. Máa fún un. Máa kí i bí o ti ń kí Ìyá Àgbà. Iṣẹ́ tí ò ń ṣe kò tì mí lójú. Bí wọ́n bá ń bi mí, mo máa ń sọ ọ́ láìfi ohùn pamọ́ pé ọmọ mi ń tọ́jú àwọn ìyá tí ọmọ wọn jìnnà sí wọn. Èmi náà jẹ́ ìyá tí ọmọ rẹ̀ jìnnà.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé o gba gbogbo rẹ̀ tán pẹ̀lú iṣẹ́ òru, o sì ṣubú lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. N kò mọ ẹni tí ò ń ṣe é hàn. Mo bi Àáfà wa léèrè nígbà tí wọ́n wá jẹ dòdò lánàá, n kò dárúkọ rẹ. Wọ́n ní aláìsàn lè sinmi, kó san án padà nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, pé Ọlọ́run kò fi ẹ̀sìn ni ènìyàn lára. Wọ́n tún ní kí n kí ọ. Bóyá wọ́n mọ ẹni tí mò ń wí.

Mo tún gbọ́ pé ọwọ́ rẹ ń bó nítorí oògùn tí ẹ fi ń nu ilẹ̀. Mo fi òrí ránṣẹ́ sí ọ lọ́wọ́ Bíọ́dún. Fi pa á kí o tó sùn, kí o sì wọ ìbọ̀wọ́ wọn, kódà bó bá ń gbóná. Máa jẹun kí o tó wọ iṣẹ́. Tíì kì í ṣe oúnjẹ. Mo dín dòdò díẹ̀, mo fi ata sí i dáadáa bí o ṣe ń fẹ́ ẹ, mo dì í mọ́ nǹkan rẹ. Bàbá yín ní àwọn aṣọ́bodè máa gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Mo ní kí wọ́n gbà á, kí wọ́n sì jẹ ẹ́, kí ata náà bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìwé yìí ti gùn. Mo ti dìde mo ti jókòó débi pé ẹ̀yìn tèmi náà ti ń sọ̀rọ̀. Ohun méjì péré ló kù tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. Èkíní, fi ìdáhùn àwọn ọmọ ìyá náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó gbà láti lọ, kì í ṣe lẹ́yìn tí o bá ti lọ. Èkejì, gba kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Kí gbogbo ilé bí o ti máa ń kí wọn, ki bàbá yín kí inú wọn dùn. Má sọ fún wa pé ara rẹ le. Bí o bá ti ní ó dàbọ̀, má sáré pa ẹ̀rọ. Jẹ́ kó máa yí, kí o dìde, kí o rìn yíká yàrá, kí o tún jókòó, kí o tún dìde. Àwọn yòókù á máa ṣe àmín. Èmi nìkan ló máa mọ ohun tí mò ń gbọ́, ibẹ̀ ni n óò sì ti mọ̀ bóyá o gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi. Ìyá Gàníyù ń kí ọ, wọ́n ní kí o má gbàgbé ọ̀ràn ìró. Lọ́jọ́ tí o bá dé, tí mo bá gbàgbé, tí mo pè ọ́ láti ìdí agbada bí ti àtijọ́, má sáré dìde, Àṣàkẹ́. Jókòó. N óò tún pè ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìdíkátù.